Orúkọ Àwọn Tí Ó Pẹ́ Dé: Mo Padà Sí Ìbà

Bí ẹ kò bá tíì dúró sí Ìyànà Ìbà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé rí, ẹ jẹ́ kí n mú yín débẹ̀. Ẹ ó gba títì ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, ẹ ó kọjá Máìlì Tuu àti Fẹ́sítáàkì, ẹ ó kọjá ibi tí wọ́n ti ń yà sí ọjà Alábà níbi tí wọ́n ti ń ta rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ tó kan àgbègbè Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1983. Níbẹ̀ ni ọ̀nà kan ti yà sọ́wọ́ ọ̀tún, tí ó gba Ìbà kọjá lọ sí Ìgàndò. Ariwo kọ̀ńdọ́kítọ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná àti èéfín ọkọ̀ ni yóò tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá rí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń kọjá láàárín ọkọ̀ bí ẹni pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wọn ni títì náà.

Ọ̀kan nínú wọn ni ó dá mi dúró. Ọmọbìnrin kan ni, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Ó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, àpò ìwé wà léjìká rẹ̀, àtẹ ẹ̀pà sì wà lórí rẹ̀. Ó ń sáré, ó sì ń kiri ọjà. Ẹni tí ó bá ti gbé nǹkan lérí rí mọ̀ pé ohun méjì yìí kò ṣeé ṣe pọ̀. Mo ra ẹ̀pà náirà díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bi í pé aago mélòó ni wọ́n ń wọlé ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ó wo ojú mi, ó ní, “Ẹ mà, wọ́n ti wọlé.” Ó sì sá lọ.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀pà lọ́wọ́. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo ń lọ nínú Ẹ́sítéètì Ìbà, ibi tí èmi náà ti dàgbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ náà ti mú mi padà sí nǹkan bí ọdún 1987.

Kí n tó máa bá ìtàn lọ, ó yẹ kí ẹ mọ irú ibi tí Ìbà jẹ́. Ìlú àtijọ́ ni. Àwọn Àwórì ni wọ́n ni ín, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ni Ọ̀jọ́ tí ó wà nítòsí rẹ̀, ó sì ní ọba tirẹ̀, Oníbà ti Ìbà. Ṣùgbọ́n ilé tí ìjọba kọ́ ni ó sọ orúkọ rẹ̀ di ohun tí gbogbo ará Èkó mọ̀. Lateef Jakande, gómìnà àkọ́kọ́ tí aráàlú dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Èkó, wà lórí oyè láti ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà 1979 títí di ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ̀ 1983, nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba. Láàárín ọdún mẹ́rin náà, ó kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri ìpínlẹ̀ náà fún àwọn tí owó oṣù wọn kò tó nǹkan. Ọ̀kan nínú wọn ni ti Ìbà. Àwọn ilé alájà ni, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, gbogbo wọn jọra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi máa ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Bàbá mi alára ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sí àga olóhun kí ó tó ṣàkíyèsí pé àwòrán tí ó wà lára ògiri kì í ṣe ti bàbá òun.

Inú yàrá kan ṣoṣo ní Mùṣin ni a ti kó lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé yàrá kan pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mẹ́rin ni yóò mọ ohun tí ilé ìdáná tirẹ̀ jẹ́ fún obìnrin. Màámi gbá ilé ìdáná náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọjọ́ tí a débẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì dáná.

Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà kò jìnnà sí ti ilé. Ní àwọn ọdún 1970 sí 1979, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò tó ní Èkó, nítorí náà àwọn ọmọ ń pín in lò: àwọn kan ń lọ láàárọ̀, àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe ti ọ̀sán ní Mùṣin. Á ti pọn omi, á ti lọ sọ́jà, á ti gbé mi pọ̀n títí di ọjọ́kanrí, kí ó tó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Ìgbà tí ó bá fi máa dé ìdí ìwé, oorun ni ó ń kà. Ìjọba Jakande fi òpin sí ètò alábala méjì yìí ní 1980. Kí àyè lè tó, wọ́n sáré kọ́ àwọn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ gbọọrọ-gbọọrọ tí ògiri wọn kò ga. Àwọn alátakò rẹ̀ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní ilé adìyẹ. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn adìyẹ náà fẹ́ sọ fún yín pé afẹ́fẹ́ ń wọ ibẹ̀ dáadáa. Òjò náà ń wọ ibẹ̀. Bí ó bá ti ń ṣú, a ó gbé bẹ́ńṣì wa sún mọ́ àárín, a ó fún ara wa pọ̀, tíṣà á sì máa pariwo ìṣirò borí ariwo òrùlé. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ni gbogbo wa ń lọ, a sì ń kàwé pẹ̀lú ojú tí ó là.

N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àwọn tí ó kọ́ wa níbẹ̀ ti di arúgbó, àwọn mìíràn ti sùn, ohun rere tí wọ́n ṣe fún wa sì pọ̀ ju èyí tí mo fẹ́ sọ lọ. Àwọn ọmọ ẹ́sítéètì wà níbẹ̀, ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ọmọ nọ́ọ̀sì, ọmọ awakọ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ láti inú ìlú Ìbà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Okokomáíkò. A jọ ń gbálẹ̀, a jọ ń fi àdá gé koríko ní ọjọ́ Ẹtì, a jọ ń ka Aláwìíyé. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ ẹ́sítéètì ń wọ bàtà, a sì ń rò nínú ọkàn wa pé bàtà náà jẹ́ ọgbọ́n.

Èmi ni mónítọ̀ kíláàsì karùn-ún. Iṣẹ́ mi ni láti dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn tí agogo bá ti dún, kí n kọ orúkọ àwọn tí ó pẹ́ dé sínú ìwé kékeré kan. Tíṣà á gba ìwé náà, á pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á nà wọ́n lẹ́gba mẹ́ta-mẹ́ta ní ojúgun. Ọwọ́ ìwé mi dára. Mo ń fi rúlà fa ìlà sábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, inú mi sì ń dùn sí i.

Orúkọ kan wà tí kì í wọ́n nínú ìwé náà, ti ọmọ tí ó jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja ni gbogbo wa ń pè é. Inú ìlú Ìbà ni wọ́n ń gbé. Mo mọ ohun tí ó ń gbé e pẹ́, nítorí ó ti sọ fún mi: kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti ń lọ fa omi ní kànga, yóò wẹ àwọn àbúrò rẹ̀, yóò wá ru ẹja yíyan ìyá rẹ̀ lọ sí Okokomáíkò, kí ó tó sáré padà wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Òórùn ẹja máa ń bá a wọlé. Mo máa ń yí imú padà sí ojú fèrèsé. Ó mọ ìṣirò jù mí lọ, n kò purọ́ fún yín, ó sì máa ń jẹ́ kí n wo tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Màámi ń rọbí, bàbá mi ti lọ síbi iṣẹ́. Èmi ni mo lọ pe aládùúgbò wa nọ́ọ̀sì, èmi ni mo mú àwọn àbúrò mi jókòó títí ìrànlọ́wọ́ fi dé. Nígbà tí mo fi máa dé ilé-ẹ̀kọ́, ìpàdé àárọ̀ ti tú. Ta ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé mi lọ́wọ́? Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja. Ọjọ́ náà ni ó tètè dé, tíṣà sì fi í rọ́pò mi. Ó wò mí, ó wo omijé tí ó ti gbẹ lójú mi, ó ní, “Wọlé, jókòó.” Kò kọ nǹkan kan. Nígbà tí tíṣà bèèrè, ó ní kò sí ẹni tí ó pẹ́ nínú wa. Ṣùgbọ́n tíṣà ti rí mi láti ojú fèrèsé. Ẹgba mẹ́ta tí ó jẹ́ tèmi, òun ni ó jẹ ẹ́, tíṣà sì fi mẹ́ta lé e fún irọ́ pípa. Ó padà wá jókòó tì mí, ó bi mí léèrè pé, “Ṣé ìyá rẹ ti bí?”

Ẹ̀yin ìyá, ẹ ó rò pé lẹ́yìn ọjọ́ náà n kò ní kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ láéláé. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, tíṣà dá ìwé padà fún mi níwájú gbogbo kíláàsì, ó ní bí mo bá fi orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, èmi ni n óò jẹ ẹgba rẹ̀. Agogo dún. Mo rí i tí ó ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà ìlú, òṣùká ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ orúkọ rẹ̀. Mo tún fa ìlà sí i nídìí.

Kò bá mi jà. Ó kàn kó ìwé rẹ̀, ó sún sí ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì. Nígbà tí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kejì bẹ̀rẹ̀, ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì náà ṣófo.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màámi pé ọmọ náà kò wá mọ́, n kò sọ gbogbo rẹ̀. Màámi pọn àbúrò mi tuntun, ó mú mi lọ́wọ́, a lọ sí ilé wọn. Ìyá Ẹlẹ́ja ń yan ẹja, èéfín bo gbogbo àgbàlá. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára ìró, ó bá wa gbé àga.

Màámi ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ọmọ tiyín ni a kò rí mọ́ ni mo ní kí n wá wò.”

Ó ní, “Ẹ ṣeun, ìyá wọn, ẹ kú ọwọ́ lómi. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni ilé-ẹ̀kọ́, òótọ́ sì ni, ìjọba gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹja kì í ta ara rẹ̀. Márùn-ún ni mo bí, bàbá wọn ti kú, òun ni àgbà. Bí ó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ojúgun rẹ̀ á wú. Bí mo bá bi í, á ní òun ṣubú ni. Mo wá rò ó pé ọmọ tí ó ṣiṣẹ́ láti ìdájí, tí ó wá ń sáré lọ gba ẹgba, kí ni mo ń fi í ṣe? Kí ó kúkú jókòó tì mí.”

Màámi kò rí èsì fọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti ronú nípa ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ nípa iye ẹ̀kọ́ ti ṣetán lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí a ń lọ, mo gbọ́ ọ tí ó ń kà á sínú ara rẹ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè fi ru àtẹ ẹja dé Okokomáíkò.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó bi mí pé, “Ta ni ó ń kọ orúkọ àwọn tí ó pẹ́?”

Mo ní, “Èmi ni, mà.”

A rìn títí a fi dé ìdí àtẹ̀gùn wa kí ó tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní, “O mọ ohun tí ó ń gbé e pẹ́. Ṣé o sọ fún tíṣà?”

N kò sọ fún un. Ọdún kan gbáko ni mo fi mọ̀ ọ́n, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Àyè orúkọ nìkan ni ó wà nínú ìwé náà, kò sí àyè ìdí. Bí mo bá sọ fún tíṣà, bóyá ì bá dáríjì í, bóyá kò sì ní gbọ́. Tíṣà wa kì í ṣe òkú-òǹrorò, ọmọ ọgọ́ta ni ó ń kọ́ nínú yàrá kan.

Láti ìgbà náà ni òfin ti yí padà lọ́pọ̀lọpọ̀. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele kékeré girama di ọ̀fẹ́ àti dandan ní gbogbo Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ní 2007, ó sì lòdì sí kí ọmọdé máa kiri ọjà. Àwọn òfin wọ̀nyí dára, mo sì gbé oríyìn fún àwọn tí ó jà fún wọn. Ṣùgbọ́n òfin kì í pọn omi. Ẹnìkan nínú ilé ni yóò pọn ọ́n, a sì mọ ẹni tí ó máa ń jẹ́.

Kí ẹ má baà rò pé ẹlòmíràn ni mo ń bá wí, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ara mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan ń gbé lọ́dọ̀ mi, tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ sí ìtọ́jú mi. Mo fi í sí ilé-ẹ̀kọ́, mo ra ìwé fún un, mo sì ń yin ara mi. Ní ọjọ́ kan ni tíṣà rẹ̀ fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé ọmọ náà ń pẹ́ dé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nínú ọjọ́ márùn-ún. Mo pè é pẹ̀lú ìbínú. Mo ti la ẹnu láti bú u nígbà tí mo rí ojúgun rẹ̀.

Mo dákẹ́. Mo jókòó, mo ka iṣẹ́ tí ó ń ṣe kí ó tó kúrò nílé: omi, ilẹ̀ gbígbá, abọ́ àná, ìwẹ̀ àwọn ọmọ méjì, oúnjẹ tí yóò dì fún wọn. Àwọn ọmọ tèmi tí ó ń wẹ̀ kò pẹ́ dé rí. Èmi ni mo ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé lójoojúmọ́, láti inú ibùsùn mi.

Ohun tí mo ṣe kò le. A bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi ní ìrọ̀lẹ́, kí gbogbo kẹ́ẹ̀gì kún kí a tó sùn. Abọ́ kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú. Ọmọkùnrin mi àgbà gba ìgbálẹ̀, kò sì kú. Èmi fúnra mi ń jí ní ìdajì wákàtí ṣáájú, mo ń wẹ àwọn ọmọ mi. Bàálé ilé kùn díẹ̀ nípa tíì rẹ̀ tí ó ń pẹ́, títí ó fi kọ́ bí wọ́n ti ń gbé omi kaná. Mo sì lọ rí tíṣà náà, mo sọ fún un pé ẹ̀bi ọmọ kọ́, ẹ̀bi mi ni. Èyí ni ó nira jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, ìbáà ṣe ọmọ yín àgbà tàbí ọmọ ẹlòmíràn, ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan: ẹ ka iṣẹ́ tí ó ń ṣe láti ìgbà tí àkùkọ bá kọ.

Ẹ̀gbọ́n Màámi rí mi, inú rẹ̀ dùn, ó sì fún mi ní àmàlà. Ẹ́sítéètì náà ti dàgbà. Ìsọ̀ ti wà ní ìdí ọ̀pọ̀ ilé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń háyà yàrá káàkiri. Ní ọ̀sán, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Okokomáíkò. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ aró Èkó ń bọ̀ wá. Jakande ti fẹ́ ṣe ọkọ̀ ojú irin fún Èkó nígbà tirẹ̀, àwọn ológun fagi lé e ní 1985, ó sì di ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2023 kí ti Marina sí Máìlì Tuu tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Okokomáíkò ni ìpele kejì rẹ̀ yóò parí sí. Jakande kò rí i. Ó jáde láyé ní ọjọ́ 11 oṣù Èrèlé 2021, ní ẹni ọdún 91. Ká ní ọmọ kíláàsì mi ni ọkọ̀ ojú irin yẹn, orúkọ rẹ̀ ì bá kún ìwé mi.

Mo rìn wọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja. Mo ń bèèrè bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́: obìnrin kan báyìí, ará ìlú Ìbà, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ ìyá ẹlẹ́ja ni gbogbo àwọn. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó sí ẹ̀yìn agbọ̀n ni ó bi mí pé, “Èyí tí orí rẹ̀ pé sí owó, tí kì í lo bébà láti ṣírò?”

Mo ní, “Òun ni, mà.”

Ó ní ó wà láàyè, ó ń ṣòwò lọ sí Kútọnu, ó sì máa ń yà kí àwọn bí ó bá ń bọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ó ní wọ́n kàwé, gbogbo wọn pátá. Mo ra ẹja ju èyí tí mo lè jẹ lọ. Mo wá bèèrè bóyá wọ́n ní bébà. Wọ́n ya etí kan fún mi lára bébà tí wọ́n fi ń dì ẹja, ọ̀rá ti wọ̀ ọ́ díẹ̀. Mo kọ orúkọ mi sí i, orúkọ tí a ń pè mí ní kíláàsì karùn-ún, mo kọ nọ́ńbà tẹlifóònù mi sí abẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà náà ká a mẹ́rin, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.